Imọ̀ Tí Bàbá Mi Fi Dí Ọ̀nà Odò

Ẹ̀gẹ́ ni mò ń bó lẹ́yìnkùlé wa ní Ọ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí mo gbọ́ ohùn náà láti inú pálọ̀. Ẹranko kan fọn imú lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún fọn ọ́n, ti ẹ̀ẹ̀kejì sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. Ó ti tó bí àádọ́ta ọdún tí mo ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, mo sì ti ń tan ara mi pé mo ti gbàgbé rẹ̀.

Àwọn ọmọ ọmọ mi ló jókòó síwájú tẹlifíṣàn. Olùkọ́ wọn ló ní kí wọ́n wo fíìmù kan tó ń sọ ìtàn ẹranko igbó ilẹ̀ Kẹ́ńyà, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ wá sílé ìwé. Fèyí, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó jẹ́ àgbà nínú wọn, ti fi rúlà fa ìlà sínú ìwé rẹ̀ dáadáa, kò sì tíì kọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ní, "Màmá, ẹ wá wo màlúù inú igbó." Mo ní ẹfọ̀n ni à ń pè é. Ó bi mí bóyá mo ti dé ilẹ̀ Kẹ́ńyà rí. Mo dá a lóhùn pé kí n tó bí ìyá rẹ̀, ẹfọ̀n ń mu omi níbi tí ilé epo wà lónìí lójú ọ̀nà Odìgbò. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àpárá ni mò ń dá, torí mo fẹ́ràn àpárá.

Mo nu ọwọ́, mo lọ jókòó tì wọ́n. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà ní ẹfọ̀n ti pọ̀ rí ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, pé àrùn àti ìbọn ló dín wọn kù. Ó ní bí kìnnìún bá yọ sí wọn, àwọn ńlá á yí àwọn ọmọ ká, wọ́n á kọjú ìwo síta. Ó ní bí ènìyàn bá ṣe ẹfọ̀n léṣe, kì í sá lọ pátápátá. Á rìn yípo, á padà wá dúró sẹ́bàá ipasẹ̀ ara rẹ̀, á máa retí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Fèyí kọ ìyẹn sílẹ̀ kíá. Mo dìde, mo padà sídìí ẹ̀gẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò ṣe é bó mọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún yín nìyí, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní ọkọ mi tó ti kú pàápàá kò gbọ́ ọ.

Abà wa wà láàárín Odìgbò àti Omifúnfun, létí igbó kan tí àwa ọmọdé rò pé kò lópin. Ilé amọ̀ bíi mélòó kan ni, àti ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n fi páànù bò. Páànù yẹn la fi ń yangàn sí àwọn abà yòókù, nítorí ewé gbọdọgi ni wọ́n fi bo tiwọn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sórí páànù náà, ìwàásù parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún lè gbọ́ ohun tí oníwàásù ń wí. Àwa ọmọdé máa ń gbàdúrà fún òjò láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn òbí wa sì máa ń yìn wá pé a mọ àdúrà gbà.

Ayé owó epo ni. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin Ìkálẹ̀ wa ti ju àdá sílẹ̀, wọ́n ti gba Èkó àti Wàrí lọ, wọ́n á padà wá nígbà Kérésì pẹ̀lú bàtà gogoro àti rédíò tí kò mọ̀ ju ariwo lọ. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Tíṣà wa ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó, ó ní a ti di ènìyàn pàtàkì, a pàtẹ́wọ́ fún ara wa, lẹ́yìn náà ó ní ká lọ ṣẹ́ igi ìdáná fún ìyàwó òun. Wọ́n ń ṣe ọ̀nà ńlá tó wá láti Èkó lọ sí Bìní. Katapílà ń ké láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, àwọn lọ́rì agbégẹdú ń kó ìrókò àti arère kọjá lójú wa, igi kan ṣoṣo á gba ẹ̀yìn lọ́rì kan. A máa ń sáré tẹ̀ lé wọn, a máa ń hó yèè. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé igbó wa là ń hó yèè sí pé ó ń lọ.

Ariwo yìí ló lé ẹfọ̀n jáde. Tẹ́lẹ̀, inú igbó jíjìn ni wọ́n ń gbé, ọdẹ nìkan ló ń rí wọn. Àwọn tiwa kò tóbi tó ti inú fíìmù yẹn, wọn kò sì dúdú. Pupa ni wọ́n, bí iyẹ̀pẹ̀ ojú ọ̀nà, wọn kì í sì í ju mẹ́ta mẹ́rin lọ pa pọ̀. Nígbà tí wọn kò ríbi sá sí mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ oko wa, wọ́n ń jẹ ewé, wọ́n ń tẹ kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ mọ́lẹ̀.

Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀, ó jẹ́ ọdẹ, òun ló sì ń pa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ tó ń lu agogo. Ó ga, ó gbẹ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló ń lé ẹran, ọjọ́ keje á wọ kóòtù aláwọ̀ eérú kan tó ti há a lápá, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi máa ń sọ pé àwọn ẹran igbó mọ ọjọ́ Àìkú nítorí bàbá mi, pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń ṣe ìpàdé tiwọn náà. Ohun tí gbogbo abà fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni pé kì í parọ́. Bí àwọn méjì bá ń jiyàn lórí ààlà oko, bàbá mi ni wọ́n á pè, ohun tó bá sì wí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.

Àṣà kan wà láàárín àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa. Bí ọdẹ bá yìnbọn lu ẹran ńlá, tí ẹran náà gbé ọta lọ, kò gbọdọ̀ sùn láìdí ọ̀nà. Á gé imọ̀ ọ̀pẹ tútù, á fi í dábùú ẹnu ọ̀nà oko, á fi ìtakùn so ó mọ́ igi lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá rí imọ̀ yẹn, ì báà gbàgbé owó tàbí ọmọ sóko, á padà, á lọ bi ọdẹ léèrè kó tó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Kò sí pé ọdẹ ń lọ kìlọ̀ láti ilé dé ilé. Imọ̀ ló ń kìlọ̀ dípò rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí onílẹ̀ á fi han àlejò tó wá dáko nìyẹn, kó tó fi odò hàn án pàápàá.

Àlejò tiwa ni Bàbá Àṣàbí. Láti ìhà Ìwó ló ti wá, òun, ìyàwó rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin àti Àṣàbí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Wọ́n kọ́ abà tiwọn sẹ́bàá ọ̀nà lọ́rì, kò jìnnà sí tiwa, ṣùgbọ́n ọ̀nà odò tó wà lẹ́yìn ilé wa ni wọ́n ń gbà lọ sóko bíi tiwa, nítorí kò sí òmíràn. Mùsùlùmí ni wọ́n. Bàbá Àṣàbí kúrú, ó sanra díẹ̀, ó sì máa ń kọrin bó bá ń lọ sóko, débi pé ìyá mi ń fi orin rẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó gbé omi ẹ̀kọ kaná.

Ọ̀rẹ́ mi ni Àṣàbí. N kò tún ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Aṣọ ilé ìwé wa bákan náà, ọdún mẹ́wàá ni àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ju tèmi lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Èdè wa máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Bí bàbá mi bá pè mí pé, "Ọma mi, ghá," Àṣàbí á fọwọ́ di ọ̀fun ara rẹ̀ mú, á ní, "Ẹ ò ṣe kúkú ní kó wá? Kí ló há yín lọ́fun?" Èmi náà á fi ohùn Ìwó rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, òun náà á sì lé mi yí ẹní kòkó ká títí ìyá mi á fi kígbe lé wa lórí. A máa ń pín gúgúrú kan sí méjì. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo ń rí eyín iwájú rẹ̀ tó yọ tí kò tíì hù padà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, bàbá mi bá ẹfọ̀n kan pàdé lẹ́bàá odò. Ó yìnbọn lù ú. Ọta bà á léjìká, kò ṣubú, ó gbé e wọ igbó. Kí oòrùn tó wọ̀, bàbá mi ti dé, ó ti rán èèyàn lọ pe àwọn ọdẹ méjì wá láti Ajué, wọ́n sì ní àwọn á dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Mo rí i nígbà tó gé imọ̀ kan tó gùn, tó tutù yọ̀yọ̀. Mo rí i nígbà tó fi í dábùú ẹnu ọ̀nà odò, tó so ó pẹ̀lú ìtakùn, tó lọ́ ìtakùn náà lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe máa ń lọ́ ọ. Ó sọ fún gbogbo ilé pé, "Kẹ́nikẹ́ni má lọ ugbó odò o." Ó sì lọ wẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ ni, mo sì ti gbàgbé láti wá imọ̀ tèmi. Ìyá tó ń kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti sọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé kí olúkúlùkù mú imọ̀ tirẹ̀ wá, pé ẹni tí tirẹ̀ bá gùn jù ni yóò ṣáájú gbogbo ọmọdé wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń rí ara mi níwájú. Ẹ̀gbọ́n mi tó mọ ọ̀pẹ gùn wà nílé ìwé ní Òkìtìpupa. Mo yí ilé ká, n kò rí imọ̀ kankan tí ọwọ́ mi tó. Ibẹ̀ ni mo ti rántí èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà odò.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọdé ni mí, n kò mọ ohun tí imọ̀ náà wà fún. Mo mọ̀ ọ́n. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo bá ara mi ṣe ìṣirò. Mo ní ọjọ́ Àìkú ni, kò sí ẹni tó ń lọ sóko lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, n ó sáré dá a padà kí àwọn ọdẹ Ajué tó dé. Mo já ìtakùn náà ní apá kan. Ti apá kejì le jù, n kò lè tú u, mo kàn fà á yọ lára igi, ó sì wà nídìí imọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn tí mo mọ̀ láyé ló ń sinmi lọ́jọ́ Àìkú, ohun tí mo rò nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, tí mo ń bá jẹun lójoojúmọ́, mo gbàgbé pé ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá tirẹ̀ ń sinmi.

Imọ̀ mi ló gùn jù. Èmi ni mo ṣáájú. A ń kọ Hòsánà, à ń ju imọ̀ sókè, bàbá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú okùn agogo lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Bí a ti wọlé, a to àwọn imọ̀ náà jọ sábẹ́ àga ìwàásù. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò gbọ́ orin ẹni tó kọjá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ sóko. Ìyá mi sọ lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ ọ, pé ó yà òun lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé bóyá ojú ọ̀nà lọ́rì ló ń lọ, kì í ṣe oko.

A ń ka ẹ̀kọ́ kejì lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó Bàbá Àṣàbí ké. Ó ti gbé oúnjẹ tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀. Kò tíì dé odò tó fi bá a nílẹ̀. Ẹfọ̀n náà ti rìn yípo, ó ti padà wá dúró sínú ewé lẹ́bàá ọ̀nà tó gbà lọ, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nínú fíìmù. Àwọn ọkùnrin sáré jáde, bàbá mi ju okùn agogo sílẹ̀, agogo náà sì dún lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé òkú Bàbá Àṣàbí wá lórí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n yọ. Wọn kò jẹ́ kí àwa ọmọdé sún mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án, àwọn ọdẹ Ajué dé, wọ́n sì pa ẹfọ̀n náà. Abo ni. Omi ọyàn ń jáde lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà ní ọmọ ẹfọ̀n náà á wà níbì kan nínú igbó. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò rí ẹfọ̀n mọ́ títí di ọjọ́ tí mo rí wọn nínú tẹlifíṣàn.

Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ènìyàn péjọ sí. Àbúrò Bàbá Àṣàbí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ká ní ọ̀kan lára yín ló fẹ́ gba ibẹ̀, ẹ̀ bá dí i. Àlejò ni wá. Ẹ̀mí wa ò jẹ́ nǹkan kan lójú yín." Bàbá mi ní, "Mo dí i. Mo fi imọ̀ dí i kí oòrùn tó wọ̀." Wọ́n ní kó wá fi hàn wọ́n. Gbogbo wọn rìn dé ẹnu ọ̀nà odò, kò sí imọ̀ níbẹ̀. Bàbá mi wo ilẹ̀, ó wo igi ọ̀tún, ó wo igi òsì. Ó tún ní, "Mo dí i." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i tí àwọn ènìyàn ń wo bàbá mi bíi pé wọn kò gbà á gbọ́. Mo wà lẹ́yìn ìyá mi, mo di ìró rẹ̀ mú. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára, n kò sì sọ nǹkan kan.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi lọ ti ṣọ́ọ̀ṣì bó ṣe máa ń ṣe. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, kò jẹun. Ó jókòó sórí àpótí, ó pè mí, "Ọma mi, ghá." Mo wá. Mo rò pé yóò nà mí, mo tilẹ̀ fẹ́ kó nà mí. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ bá ìyá mi jẹun.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ajé, àwọn àgbà wá láti Odìgbò. Wọ́n bi bàbá mi léèrè lójú gbogbo ènìyàn bóyá ó dí ọ̀nà tàbí kò dí i. Bàbá mi dìde. Ó wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ní, "N kò dí i. Mo gbàgbé. Irọ́ ni mo pa lánàá." Ìyá Àṣàbí dorí kodò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá tèmi yí ojú sí bàbá mi bíi pé kò mọ̀ ọ́n rí. Bàbá mi kò wo ẹnikẹ́ni, kò sì wo ibi tí mo wà rárá.

Bí wọ́n ti tú ká, mo yọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yẹ àwọn imọ̀ tó wà lábẹ́ àga ìwàásù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti gbogbo ọmọdé pé síbẹ̀, tèmi nìkan ni kò sí. Mo wá mọ ìdí tí bàbá mi fi pẹ́ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ó ti rí ìtakùn rẹ̀ nídìí imọ̀ náà, ìtakùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì mọ ẹni tó mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn ọdẹ gba ìbọn rẹ̀. Ìjọ gba kọ́kọ́rọ́. Ọkùnrin mìíràn ń lu agogo, bàbá mi sì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn láàárín àwọn ọmọdé. Kò sẹ́ni tó tún pè é mọ́ bí ìjà ààlà oko bá ṣẹlẹ̀. Ó ń lọ sóko, ó ń bọ̀. Bí a bá lọ sọ́jà Odìgbò, àwọn kan á kí ìyá mi, wọn kò ní kí bàbá mi. Ìyá mi bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ ọ láti yàrá, pé, "Ṣé lóòótọ́ lo gbàgbé?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àṣàbí àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò dúró. Wọ́n fi kòkó tó ń pọ́n lọ́wọ́ sílẹ̀, wọ́n di ẹrù sẹ́yìn lọ́rì kan tó ń lọ sí ìhà Ìfẹ̀. Àṣàbí sáré wá sí ilé wa kí ọkọ̀ tó gbéra. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó dì mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Èmi ò bínú sí ẹ o. Bàbá ẹ ni mò ń bínú sí." Ó padà sáré lọ. Ká ní ó bú mi lọ́jọ́ náà, bóyá ǹ bá sọ òtítọ́.

Mo dàgbà, mo ka ìwé, mo di tíṣà, mo kọ́ ọmọ tó pọ̀. Ìgbà tí àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀, mo ti bímọ. Mo jókòó tì í, mo ní, "Bàbá, imọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn." Ó ṣí ojú. Ó ní, "Kò sí imọ̀ kankan níbẹ̀, ọma mi. Mo gbàgbé ni." Ó ní kí n bá òun gbé omi. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tó kú, àwọn tó sì wá sìnkú rẹ̀ kò kún ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin ọmọ, igbó yẹn kò sí mọ́. Ẹ̀gẹ́ ni ó wà níbẹ̀, ọ̀pẹ kúkurú tó ń so kíákíá, ilé búlọ́ọ̀kù, àti àwọn ọlọ́kadà tó ń fọn fèrè bíi pé gbogbo ayé ló dí wọn lọ́nà. Odò ibẹ̀ ti tín-ín-rín débi pé adìẹ ń fò ó kọjá. Ẹfọ̀n tó jẹ́ tiwa ti di ohun tí àwọn ọmọ wa ń wò pé ó wá láti ilẹ̀ elòmíràn. Mo sọ fún Fèyí kó kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ̀, ó sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n imọ̀ kò tíì kú pátápátá. Bí tírélà bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà ńlá, mo ń rí i tí awakọ̀ ń sáré já ewé tútù sójú títì, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa kú. Àwọn awakọ̀ náà kò mọ ẹni tó kọ́ wọn. Mo ti rí ọmọdé kan rí tó ń fi irú ewé bẹ́ẹ̀ ṣeré, mo sì bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo gbá a létí, ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi jà. N kò lè ṣàlàyé ara mi fún un.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo rí Àṣàbí. Gáréèjì Ọ̀rẹ̀ ni, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Bìní ti máa ń dúró kí èrò jẹun. Obìnrin kan ń ra ẹ̀bà, ó rẹ́rìn-ín sí olóúnjẹ, mo sì dá ẹ̀rín náà mọ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀. A dì mọ́ra, a sunkún, àwọn èrò ń wò wá. Ó ní òun ti ní ọmọ mẹ́rin, pé ìyá òun ti kú. Ó béèrè bàbá mi. Mo ní ó ti lọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyá mi ò forí jì í títí tó fi kú. Èmi ti forí jì í. Kí Ọlọ́run náà forí jì í."

Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti ń fọn fèrè. Ààyè wà fún gbólóhùn kan ṣoṣo, èmi àti Ọlọ́run la mọ gbólóhùn tó yẹ kí n sọ. Mo ní, "Àmín." Ó wọ ọkọ̀, ó ń juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé, n kò sì bi í léèrè ìlú tó ń gbé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí. Mo ti di arúgbó, n kò mọ ibi tí mo lè wá a lọ mọ́. Bí ọmọ Àṣàbí kan bá ka ìwé yìí, tí ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún un rí nípa ọdẹ Ìkálẹ̀ kan tó gbàgbé láti dí ọ̀nà, kí ó jọ̀ọ́ lọ sọ fún un pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun ló mú imọ̀ náà kúrò. Bàbá mi kò parọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé ló parọ́, nítorí mi.